Nọ́ńbà Mi Ló Wà Lẹ́yìn Páńẹ́lì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi nínú ìtàn yìí. Àwọn tó mọ̀ mí á ti dá mi mọ̀ kí wọ́n tó kà á dé ìdajì. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, ẹ bá mi gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí irọ́ kékeré, irọ́ tó fi pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, sọ di ẹni tí kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tààrà mọ́.

Olè kọ́ ni mí. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ tí mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ń tu ara mi nínú, kí n tó ṣàkíyèsí pé kò tilẹ̀ sí ẹni tó bi mí.

Alábẹ̀wò ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní owó ìrànwọ́ láti fi ṣe iná oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ iná á kọ fọ́ọ̀mù, ìjọba á yan kọngilá, kọngilá á gbé páńẹ́lì sórí òrùlé. Lẹ́yìn náà ni alábẹ̀wò á dé. Títí alábẹ̀wò yóò fi fọwọ́ sí i, iṣẹ́ kò tíì parí lójú ìjọba.

Òfin ibẹ̀ kò ní àbùjá. Alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ ni yóò gun àkàbà. Á fi mítà wo páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan bóyá iná ń jáde nínú rẹ̀, á sì fi kálàmù ọ̀dà funfun tí òjò kì í fọ̀ kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Olúkúlùkù wa ló ní nọ́ńbà. Tèmi ni mẹ́rìnlá. Ọjọ́ tí ọ̀gá wa fi kálàmù náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Kálàmù yìí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ibi tí nọ́ńbà rẹ bá wà, ìwọ fúnra rẹ lo dé ibẹ̀ yẹn."

Mo ní, "Mo gbọ́, sà."

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé èmi kì í lè gun òkè.

Bí ẹsẹ̀ mi bá ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, orúnkún mi á máa gbọ̀n, ọwọ́ mi á lẹ̀ mọ́ ohun tí mo bá dì mú débi pé ènìyàn á máa fi agbára tú ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti kékeré ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé yìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ.

Inú àjà ni màmá wa máa ń kó ẹrù tí a kò lò sí. "Ìwọ, gòkè lọ bá mi gbé àpótí kékeré yẹn wá." Màmá wa kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ọmọ tó bá ní ẹ̀rù ń ba òun, á gbọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi á yọ́ wá láti yàrá, á gun àkàbà, á gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀, á gbé e lé mi lọ́wọ́. "Lọ gbé e fún wọn. N kò ní sọ." Màmá wa á ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí mo fi dàgbà, àṣírí wa kò sì tú lọ́jọ́ kan.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì yẹn, tí mò ń tẹ fọ́ọ̀mù àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí àyè alábẹ̀wò ṣí, èmi náà kọ̀wé béèrè. Àwọn mẹ́ta ló jókòó tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mádáàmù, ṣé ẹ lè gun òrùlé?"

Mo ní, "Bí ológbò ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, inú ẹ̀rín yẹn ló ti jáde.

Ilé ìwé kan ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ. Kọngilá tó ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Oòrùn-Ò-Wọ̀, torí ohun tó kọ sára ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó bá mi gbé àkàbà ti ògiri, ó sì fà sẹ́yìn. Mo dé akoto, mo so ìgbànú ààbò mọ́ ìbàdí, mo ki kálàmù bọ àpò. Ẹni tó bá rí mi á rò pé oṣùpá ni mo fẹ́ lọ gbé sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní. Ìkejì. Nígbà tí mo dé ìkẹta, ilẹ̀ yí mọ́ mi lójú.

N kò mọ bí mo ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Mádáàmù, ẹ rọra máa bọ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rù òkè ń bà yín, àbí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàtà mi ló ń yọ̀."

"Bàtà náà ni," ó ní. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ fún mi ní mítà yẹn. Ẹ fún mi ní fóònù yín kí n fi ya fọ́tò. Èmi á máa pe ohun tí mítà bá sọ láti òkè, ẹ̀yin ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló wá le níbẹ̀?"

"Kálàmù ńkọ́? Èmi ni mo gbọdọ̀ fọwọ́ ara mi kọ nọ́ńbà mi."

"Mẹ́rìnlá tó wà lórí ìwé yín yìí náà kọ́ ni? Ta ni kò lè kọ mẹ́rìnlá?"

Mo lè padà sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn kí n sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo parọ́ fún yín, ẹ dá mi padà sídìí kọ̀ǹpútà." Ìtìjú ọ̀sẹ̀ kan ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ dúró lábẹ́ igi, wọ́n ń wò wá. Mo na kálàmù sí i.

Wéré ló gòkè. Ó ń pè, èmi ń kọ. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo wọ kíláàsì kan, mo tẹ iná, iná tàn. Iṣẹ́ tó dáa ni. Ohun tó bà mí jẹ́ gan-an nìyẹn. Ká ní jìbìtì ló fi bẹ̀rẹ̀ ni, bóyá ọgbọ́n ì bá ti kọ́ mi lọ́jọ́ kìíní.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Tí wọ́n bá pín iṣẹ́ kọngilá mìíràn fún mi, mo máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe pàṣípààrọ̀ títí ti Oòrùn-Ò-Wọ̀ á fi kàn mí. Wọ́n rò pé mo fẹ́ràn ọ̀nà jíjìn ni. Èmi àti òun lè parí ibi mẹ́ta lóòjọ́, níbi tí àwọn yòókù ti ń fi gbogbo ọjọ́ làágùn lórí òrùlé kan. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Àkàbà. Nígbà tí ọdún ń parí, ọ̀gá wa dìde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n yìn mí, wọ́n sì fún mi ní akoto tuntun tí wọ́n kọ orúkọ ìnagijẹ yẹn sí. Mo gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀ mi.

Ẹ má bi mí bóyá n kò fura. Nígbà mìíràn, iye tó ń pè láti òkè máa ń jọra jù. Mo máa ń gbé ojú sókè, mo máa ń tún gbé e sílẹ̀ sórí ìwé mi. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rí nǹkan bí ẹni tí kò rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Yàrá mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀: ibi ìgbẹ̀bí tó ní bẹ́ẹ̀dì méjì, ibi tí wọ́n ti ń wo àwọn ọmọdé, àti yàrá tóóró kan tí wọ́n fẹ́ gbé fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Kí iná tó dé, ìgbà tó bá di ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń lọ gbé abẹ́rẹ́ wá láti ilé ìwòsàn ńlá nínú kúlà oníyìnyín kan tó máa ń gbé lé itan bí ọmọ tuntun. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, abẹ́rẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Orí tábìlì mi la ti jọ kọ fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ náà, Sátidé mẹ́ta gbáko. Ó ń sọ, èmi ń tẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi dúró. Ọjọ́ tí ìwé ìyọ̀ǹda jáde, ó pè mí lórí fóònù, ó kàn ń pariwo ayọ̀.

Oòrùn-Ò-Wọ̀ ni wọ́n yàn láti ṣe é.

Òfin wà pé alábẹ̀wò kò gbọdọ̀ lọ síbi tí ẹbí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Èmi ni mo tọrọ iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ kó jẹ́ nọ́ńbà mi ló máa wà lórí òrùlé ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ tí mo débẹ̀, aboyún kan ń rọbí, ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi. Oòrùn-Ò-Wọ̀ gba mítà, ó gba kálàmù, ó gòkè. Páńẹ́lì méjìlá ni. Láti ilẹ̀, wọ́n ń dán gbinrin, ó ti fi omi àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n mọ́.

Ó pe ìkíní, mo kọ ọ́. Ó pe ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Nígbà tó di ìkarùn-ún, mo gbé ojú sókè.

Ó ti jókòó. Ó jókòó sórí òrùlé bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn, mítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń pè. Ìkarùn-ún. Ìkẹfà. Kò dìde títí ó fi pe ìkejìlá. Ìgbà tó pè é tán ló tó yípo páńẹ́lì wọ̀nyẹn, ó ń kọ mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá, sí ẹ̀yìn wọn.

Mo rí i. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Mo sì kọ méjèèjìlá.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí, ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. "Obìnrin ni! Ọmọ yẹn pariwo kí ó tó jáde tán!" Ó rí akoto lórí mi, ó rí àkàbà lára ògiri. Ó dúró.

"Ìwọ lo gun ibẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Àǹtí mi."

"Ìwọ? Tí kì í gun àga?"

"Mo ti kọ́ ọ."

Omi lé sójú rẹ̀. Ó fà mí mọ́ra pẹ̀lú gbogbo òórùn oògùn tó wà lára rẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn ìyá tó jókòó lórí bẹ́ńṣì. "Ẹ wo àbúrò mi yìí o. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí wọ́n bá ní kó gun òkè, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ẹ wò ó lónìí! Òun ló gun òrùlé wa!" Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́ fún mi. Oòrùn-Ò-Wọ̀ náà pàtẹ́wọ́.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, oòrùn mú, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni oòrùn kò yọjú.

Lára ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ̀ọ̀kan ni àmì kékeré onígun mẹ́rin kan wà. Bí ooru bá ti ba abẹ́rẹ́ náà jẹ́, àmì yẹn á dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi abẹ́rẹ́ kan ọmọ láì kọ́kọ́ wo àmì náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ṣí fìríìjì, gbogbo ìgò ló dúdú. Ó sọ fún àwọn ìyá tó ti tò sórí bẹ́ńṣì pé kí wọ́n máa lọ ilé, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìlera pé abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ òun.

Wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wo ìwé mi. Páńẹ́lì méjìlá, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, alábẹ̀wò nọ́ńbà mẹ́rìnlá ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ní páńẹ́lì tó tó bẹ́ẹ̀ á gbé fìríìjì kan láìka ọjọ́ mẹ́ta òjò sí. A jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ló ń lo iná náà fún nǹkan mìíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti di ti ìta: wọ́n ní nọ́ọ̀sì ń ta omi tútù nínú fìríìjì abẹ́rẹ́. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì, wọ́n ní kó jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ á fi wádìí. Bí ìgbìmọ̀ bá dá a lẹ́bi, ọdún mẹ́tàlélógún iṣẹ́ rẹ̀ gbé nìyẹn.

Ó wá sílé mi. Ó jókòó sí pálọ̀, akoto mi wà lókè orí rẹ̀ lára ògiri.

"Wọ́n ní mò ń ta omi," ó ní. "Èmi."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ wo páńẹ́lì. Wọ́n bá fi ìwé rẹ hàn mí. Mo ní, ó dáa, bó bá jẹ́ ìwé àbúrò mi ni, a jẹ́ pé òótọ́ ni. Ẹni tí ẹ̀rù òkè ń bà tó bẹ́ẹ̀, tó wá gun òkè nítorí mi, kò lè fi iṣẹ́ yẹn ṣeré."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. N kò lè gbé ojú mi sókè.

"Mo ti ń ronú," ó ní. "Bóyá èmi ni n kò ti ilẹ̀kùn fìríìjì dáadáa. Mò ń gbìyànjú láti rántí ọjọ́ mẹ́ta yẹn, wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àgbà ti ń dé sí mi, àbúrò mi. Bóyá mo gbàgbé."

Ẹnu mi ṣí. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo fi Ọlọ́run búra fún yín. Ohun tó jáde ni, "Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín."

Bó ṣe jáde báyìí, mo pe Oòrùn-Ò-Wọ̀. "Páńẹ́lì mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lórí ilé ìwòsàn yẹn? Sọ òótọ́ fún mi!"

"Kí ni mádáàmù kọ sínú ìwé?"

"Mo rí ọ nígbà tí o jókòó!"

Ohùn jẹ́jẹ́ àtijọ́ yẹn náà ló fi dá mi lóhùn. "Ẹ rí mi, ẹ sì ń kọ ọ́ lọ. Nọ́ńbà ta ló wà lẹ́yìn páńẹ́lì, mádáàmù? Ṣé tèmi ni?" Ó pa fóònù.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mò ń jí, mò ń wẹ̀, mò ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Àkàbà, mò ń dáhùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé èèyí ti mú ọmọ kan, ọ̀kan nínú àwọn tí òun ní kí wọ́n padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó ń sunkún. Ó ní, "Èmi ni mo ṣe é." Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ, kó má sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀gá wa wá, obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìlera pẹ̀lú fáìlì kan tó nípọn. Oòrùn-Ò-Wọ̀ wá, ó kí gbogbo ènìyàn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ẹ̀gbọ́n mi wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní kó wá ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń yọjú.

Obìnrin onífáìlì ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ti gbọ́ ẹ̀sùn. Kí lẹ rí sọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "N kò ta omi. Ṣùgbọ́n bí páńẹ́lì bá dáa, a jẹ́ pé ọwọ́ mi ni àṣìṣe wà. Mo gba ẹ̀bi."

Ọ̀gá wa mi orí. Wọ́n jẹ́ ẹni tí kì í fi ìwé nìkan parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Kí a má kánjú. Òrùlé nìyí, àkàbà nìyí, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sì wà níbí. Ìyá Àkàbà, jọ̀ọ́ gòkè, fi mítà tún un wò lójú gbogbo wa kí ọ̀rọ̀ tán."

Wọ́n na mítà sí mi. Mo gbà á.

Oòrùn-Ò-Wọ̀ sún mọ́ wa kíá. "Ẹ jẹ́ kí n bá mádáàmù gùn ún, sà. Ara wọn kò yá."

"Ta ló sọ fún ọ pé ara rẹ̀ kò yá?" ọ̀gá wa ní. Oòrùn-Ò-Wọ̀ fà sẹ́yìn.

Mo gbé ẹsẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kìíní. Mo gbé e lé ìkejì. Òógùn bò mí. Mo lérò pé bóyá, bí ìtìjú bá pọ̀ tó, yóò gbé mi dókè. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ìkẹta, ayé sì yí. Ọwọ́ mi lẹ̀ mọ́ àkàbà.

Ẹnì kan di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Mo wolẹ̀, mo rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Má wolẹ̀," ó ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí àwọn yòókù má baà gbọ́. "O ti ṣe é rí. Mo dì í mú fún ọ. Gòkè."

Ọwọ́ tí wọ́n ti fẹ̀sùn olè kàn ló fi di àkàbà mú fún mi. Bí ó bá ṣe pé ó bú mi ni, bóyá ǹ bá ṣì tún wá irọ́ mìíràn pa.

Mo ní, "Àǹtí mi, n kò ṣe é rí."

"Kí lo wí?"

"N kò gùn ún. N kò gun ìkankan rí. Òun ló ń bá mi gùn ún." Mo ti ń pariwo báyìí, mo sì ń sunkún, ọwọ́ mi ṣì wà lára àkàbà níbẹ̀, mi ò lè sọ̀, mi ò lè gòkè. "Mo rí i tó jókòó láti orí ìkarùn-ún! Mo rí i, mo sì kọ ọ́! Ẹ̀gbọ́n mi kò ta omi, sà. Èmi ni. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ọwọ́ pálábá mi ségi lójú gbogbo wọn. N kò tilẹ̀ rántí ojú ọ̀gá mi. Ojú ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo rántí. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí kò yé e.

Ó nawọ́ sókè, ó tú ìka mi kúrò lára àkàbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré, ó sì mú mi sọ̀ kalẹ̀. Ó gba mítà lọ́wọ́ mi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó gun àkàbà yẹn lọ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù funfun, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọ̀gá wa sì ń ti ìsàlẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi mítà wò ó.

Mẹ́rin ló dáa. Mẹ́jọ ti kú, páńẹ́lì àlòkù tí a kò tilẹ̀ so wáyà kan mọ́ lára. Ó ń ké e láti òkè, ọ̀gá wa ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ìkejìlá, ó ní, "Gbogbo wọn ló ní mẹ́rìnlá lẹ́yìn."

Nígbà tó sọ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dúró. Ó ní, "Láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bá ọ gun òkè. O ò wá lè pè mí?"

Wọ́n lé mi níṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n yọ Oòrùn-Ò-Wọ̀ kúrò nínú gbogbo iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù. Ohun tó sọ níbẹ̀ nípa mi, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti gbé páńẹ́lì tuntun síbẹ̀, fìríìjì sì ń tutù. Ọmọ tí èèyí mú yẹn kú díẹ̀ kó lọ, ṣùgbọ́n ó yè é. Ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ríran dáadáa mọ́. Mo mọ ilé wọn. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà.

Ní báyìí, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo jókòó sí, mò ń bá àwọn ènìyàn tẹ fọ́ọ̀mù. Àwọn kan tilẹ̀ ń wá nítorí owó ìrànwọ́ iná oòrùn. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, bí nǹkan kan bá wà tí ẹ kò lè ṣe, ẹ sọ pé ẹ kò lè ṣe é. Kò sí ọgbọ́n mìíràn tí mo ní láti fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti dárí jì mí, mo sì gbà á gbọ́, torí kì í parọ́. Ó ṣì máa ń wá kí mi ní ọjọ́ Àìkú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sùn lọ́dọ̀ mi. Bí a ti fẹ́ wọlé lọ sùn, ó bi mí pé, "Ṣé o ti pa gáàsì?"

Mo ní, "Mo ti pa á, Àǹtí mi."

Ó ní, "O ṣeun." Ó jókòó díẹ̀ sí i, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra dìde, ó ní òun fẹ́ mu omi, mo sì gbọ́ ọ nínú ilé ìdáná, tó ń fọwọ́ kan bọ́tìnnì gáàsì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.